Àwọn Abọ́ Omi Ìyá Kàmọ́rù

Òkè-Àfà, Ìsọlọ̀,
Èkó.

Ràfíátù Àníkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Òwúrọ̀ ni mo fi ń kọ ìwé yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí àwọn ará ilé tó máa ṣí ilẹ̀kùn. Òjò díẹ̀ rọ̀ ní ìdájí. Kò pọ̀. Ó kàn fọwọ́ kan páànù bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí ìyá rẹ, mo ń gbọ́ bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣe ń kán sínú àgbá. Bí mo bá di ojú, ó dà bí ẹni pé òun ni ó ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páànù, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tì wọ́n díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi bọ́ sí àárín. Bí mo bá la ojú, kò sí ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń di í, tí mo ń là á, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo kí ọ kú ilé tuntun, mo sì kí ọ kú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Mo kí Kàmọ́rù ọkọ rẹ. Ara mi le, oúnjẹ sì ń lọ. Ìyá Táwà ará ilé wa ń lọ ra àdìrẹ ní Ìtókù lọ́la, òun ni yóò mú ìwé yìí wá bá ọ ní Abẹ́òkúta. Má bínú pé n kò sọ ọ́ lórí fóònù. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí fóònù, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ a pòórá, màá kàn máa wí pé "ó ti tó, ó ti tó" bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nínú ìwé, mo lè sọ̀rọ̀ dé ibi tí ó parí sí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ rẹ wá láti Ìsẹ́yìn láti máa bá yín gbé. Ilé yín ní táǹkì lókè, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ń gbe omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì sínú abọ́, wọ́n ń gbe omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ sínú bàsíà, wọ́n sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ń bọ̀ wá kí ìyàwó tuntun, ojú sì tì ọ́. O da gbogbo omi náà nù, o fọ àwọn abọ́, o kó wọn wọ sítọ́ọ̀. Nígbà tí ìyá ti ìta wọlé, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ. Láti ọjọ́ náà wọn kò bá ọ jẹun mọ́. Nísinsìnyí wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n ní bí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn ń padà sí Ìsẹ́yìn. Kàmọ́rù kò bá ọ jà, ṣùgbọ́n kò bá ọ rẹ́rìn-ín náà. Ìwọ sì ké sí mi létí pé:

"Bàbá, nítorí omi ìdọ̀tí! Omi tí ẹ̀fọn ń yé sí! Kí ni mo ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré o, Àníkẹ́. Ìyá tó bá fi ìbínú jáde nílé ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá láti padà síbẹ̀. Bí wọ́n bá lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn yóò máa pè ọ́ ní ìyàwó tó lé ìyá ọkọ rẹ̀, bí o kò tilẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ fún mi. Mo ti dàgbà dé ibi tí èèyàn máa ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sí ibi tó wà nítòsí.

Èkínní, bi omi léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.

Nígbà tí mo mú ìyá rẹ wá sí Òkè-Àfà láti Ìwó, mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rùn gígùn. Mo ń rán ṣòkòtò ní Àpákún, mo sì gbà pé mo ti di ará Èkó pátápátá. Láràárọ̀, bí mo bá jí, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ti wà ní balùwẹ̀, yóò kún dé ẹnu. Ní àsìkò ọyẹ́, yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́. N kò béèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀ rí. Mo rò pé omi kàn máa ń dé ni, bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́. Màá dà á lé orí, màá kọrin, màá tún dà á sẹ́yìn, títí abọ́ yóò fi máa ha ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ a sì ké láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo ilé a gbọ́:

"Ọkọ mi, ṣé ẹ̀ ń wẹ̀ ni àbí ẹ̀ ń fọ mọ́tò?"

Èmi náà a dáhùn láti inú ọṣẹ: "Ẹni tó mọ́ ni Ọlọ́run ń fẹ́!"

"Ọlọ́run ò ní kí ẹ bó!"

Ìyá Táwà, tí òun náà ṣì jẹ́ ìyàwó kékeré nígbà náà, a bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá rẹ̀. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìyàwó. Erùpẹ̀ Ìwó ni wọ́n ń wẹ̀ kúrò. Kò tíì tán."

Ibà mú mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo sì padà sílé lọ́sàn-án gangan. O mọ bí oòrùn ṣe máa ń jó lórí ọ̀dà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ojú ọ̀nà yóò máa dán bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti inú omi tí kì í ṣe omi yẹn. Kò ní ẹsẹ̀, ó kàn ń léfòó bọ̀. Kẹ́ẹ̀gì wà lórí rẹ̀, oyún wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìbàdí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yà fún un. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá ẹja."

Ìyá rẹ ni! Ìwọ ni oyún náà. Kànga ilé wa ti gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ti ń lọ pọn omi ní ilé kan tó wà ní òdìkejì títì, lẹ́yìn tí èmi bá ti jáde. Mo gba kẹ́ẹ̀gì lórí rẹ̀ pẹ̀lú ibà lára. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ṣé ẹ bi mí ni?"

Àníkẹ́, láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹnikẹ́ni tó ń ṣọ́ omi lò, mo máa ń wo ọrùn rẹ̀ kí n tó wo abọ́ rẹ̀. Ṣé o ti bi Ìyá Kàmọ́rù rí bí wọ́n ṣe ń pọn omi nígbà tí wọ́n ń tọ́ ọkọ rẹ? Èmi kò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀. Bi wọ́n.

Èkejì ni pé kí o má ṣe fi omi kan ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èyí kì í ṣe tuntun sí ọ, inú rẹ̀ ni o dàgbà sí, àfi bí Abẹ́òkúta bá ti mú ọ gbàgbé. Ìyá rẹ máa ń pín omi bí wọ́n ṣe ń pín ọjọ́ orí. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ni omi ọmọdé, mímu àti sísè ni tirẹ̀. Èyí tó ti ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ ni omi àgbà. Èyí tó ti ṣan aṣọ, tó sì ti nu ilẹ̀, ni omi arúgbó. Bí o bá fẹ́ da bàsíà kan nù, yóò pè láti inú yàrá pé, "Ta ló fẹ́ sin àgbà láàyè níbẹ̀ yẹn?" Omi ìrẹsì a lọ sídìí tẹ̀tẹ̀ àti ata tó gbìn sínú ike ọ̀dà. Omi aṣọ a nu ọ̀ọ̀dẹ̀, a sì parí sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. O rántí pé o sunkún nígbà kan, nígbà tí o kéré, pé kí a má da omi arúgbó sí ṣáláńgá, pé ibẹ̀ ṣókùnkùn? Ìyá rẹ gbé ọ jókòó, ó ní, "Ó dáa, ìwọ ni kí o mú u lọ sí ibi tó wù ú." O fi ife kékeré bu gbogbo rẹ̀ sídìí ata, ilẹ̀ ṣú lé ọ lórí níbẹ̀. Mo ṣì ń rí ẹsẹ̀ rẹ kékeré nínú ẹrẹ̀ yẹn nígbà tí oorun bá ń kùn mí lójú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. "Bàbá, ilé wa ní ẹ̀rọ omi." Ọmọ mi, ilé tó ní ẹ̀rọ omi gan-an ni omi ti ń sá lọ láìsí ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó fa omi nínú kànga, apá rẹ̀ a máa sọ fún un nígbà tí ó bá tó. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ, kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kan fún un. Nítorí náà, kí o fi etí àti ojú ṣe iṣẹ́ tí apá kò ṣe mọ́. Bí o bá ń fọ eyín, ti ẹ̀rọ, kí o bu omi sí ife. Inú abọ́ ni kí o ti fọ ẹ̀fọ́, má ṣe nà án sábẹ́ omi tó ń ṣàn bí ẹni tí ń wẹ ẹṣin. Wẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ kan bá ń kán, má sọ pé ẹ̀kán kékeré ni. Gbé ife sábẹ́ rẹ̀ kí o tó lọ ibi iṣẹ́, wò ó nígbà tí o bá dé, kí o wá pe ẹni tó ń tún un ṣe. Bí ẹ bá tan pọ́ǹpù, kí ẹnìkan jókòó tì í. Mo gbọ́ pé àwọn ará ilé ńlá máa ń tan pọ́ǹpù tí wọn yóò sì sùn lọ, tí táǹkì yóò máa sunkún sára ògiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí òjò bá sì ń bọ̀, jẹ́ kí àkọ́kọ́ rẹ̀ wẹ páànù mọ́ ná kí o tó gbé àgbá sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹsẹ̀ rẹ ṣì ní ọ̀nà púpọ̀ láti rìn.

Èyí tó kàn yìí, n kò sọ ọ́ fún ọ rí.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú, ó ti pọn omi kún àgbá ńlá tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kí ó tó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, tí ìwọ náà ti padà sí ilé ìwé, mo ṣí ọmọrí àgbá yẹn. Mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo tún bò ó. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní bu omi yìí, nítorí pé òun ni omi ìkẹyìn tí ọwọ́ rẹ̀ pọn. Mo ń ra omi wíwẹ̀ lọ́wọ́ mẹ́ruwà, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ àgbá náà kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan ń sùn níbẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé etí lé e. Inú rẹ̀ máa ń tutù sí mi létí. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò kàn tíì rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí pọ́ǹpù ilé fi bàjẹ́. Mẹ́ruwà kò yọjú ní gbogbo àdúgbò. Ìyàwó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkókó dé láti ilé ìwòsàn. Ìyá Táwà kan ilẹ̀kùn mi.

"Bàbá Ràfíátù, ẹ dákun, omi ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn. A fẹ́ wẹ ọmọ."

Mo ní, "Omi Ìyá Ràfíátù ni."

"Mo mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó wà láyé, ta ni ì bá kọ́kọ́ bù ú fún ọmọ yẹn?"

Mo ṣí ọmọrí. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ojú omi ti di àwọ̀ ewé, tanwíji ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Táwà wo inú àgbá, ó sì wò mí. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ni.

"Háà, Bàbá Ràfíátù. Ẹ jẹ́ kí èyí náà kú."

Ilé kejì ni wọ́n ti lọ tọrọ omi tí wọ́n fi wẹ ọmọ náà. Èmi àti ọkọ Ìyá Táwà la yí àgbá náà dé ìdí tẹ̀tẹ̀, a dà á sílẹ̀. Ilẹ̀ mu ún, kò bi í ní orúkọ. Mo fi yanrìn àti kànrìnkàn fọ inú àgbá náà, mo ń sunkún bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, mo sì gbé e padà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Nígbà tí òjò tún rọ̀, mo ní kí gbogbo ilé wá bù ú.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: fífi omi pamọ́ kọ́ ni títọ́jú omi. Omi tí a kò jẹ́ kí ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, òfò ni, kò yàtọ̀ sí èyí tí a dà nù. Nítorí náà, èmi kì í ṣe adájọ́ tó gba ẹjọ́ fún ẹ̀gbẹ́ kan. O sọ òótọ́ nípa ẹ̀fọn. Omi tí a ti lò kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú abọ́. Kí àgbà di arúgbó kí oòrùn tó wọ̀, kí arúgbó sì wọlẹ̀ ní ọjọ́ náà. Èyí tó bá máa pẹ́ nílé, kí a fi ọmọrí bò ó. Ṣùgbọ́n ẹnu ló yẹ kí o fi sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rìn, lórí ìkúnlẹ̀. Ọwọ́ ni o fi sọ ọ́, lẹ́yìn wọn, nítorí àlejò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n kàn máa lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí o pè mí, mo lá àlá. Ìyá rẹ àti Ìyá Kàmọ́rù, tí wọn kò pàdé rí láyé, jókòó sórí àpótí méjì, wọ́n ń ṣan ìrẹsì nínú abọ́ kan. Omi náà funfun bí wàrà. Bí ọwọ́ ọ̀kan bá jáde, ọwọ́ èkejì á wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń dúró kí ọ̀kan nínú wọn pè mí wá jẹun, mo sì jí.

Mo ronú lé e títí. Obìnrin tó ti ń pọn omi láti kékeré fi kànga rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó wá sí ilé tí omi ti ń yọ lára ògiri. Ìyàwó ń se oúnjẹ. Ẹ̀rọ ń fọ aṣọ. Ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, kò nílò ẹni tí yóò wẹ̀ fún un. Kí ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe nínú ilé yẹn? Ó wá àwọn abọ́, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì rí iṣẹ́. Ìwọ rí ìdọ̀tí. Nígbà tí o dà á nù, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé: a kò nílò yín níbí. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ló tún kù fún un ju kí ó di ẹrù?

Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí mi lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, àwọn kan fẹ́ sọ gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé e mì, nítorí wọ́n rí i pé agbè gan-an ló fọ́ lọ́wọ́ tèmi. Ọmọ mi, tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi nìkan ló dànù lọ́wọ́ rẹ. N kò ní kí o sọ Ìyá Kàmọ́rù di ìyá rẹ. Ìyá rẹ ti lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bọ́ sí bàtà rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ọwọ́ ìyá kan ṣì wà láàyè nínú ilé rẹ, ó sì ń wá ohun tí yóò ṣe.

Nítorí náà, bí ìwé yìí bá bá wọn nílé, má pe àgbààgbà, má sì rán Kàmọ́rù. Má kọ́kọ́ sọ pé o kò mọ̀. Wọ sítọ́ọ̀, kó àwọn abọ́ náà jáde, kí o tò wọ́n padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Se ìrẹsì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí o bá ti ṣan án tán, gbé omi rẹ̀ dání, kí o kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n ti dì níwájú rẹ, kí o sì wí pé:

"Mọ̀mí, níbo ni kí n da èyí sí?"

Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dáhùn. Bó bá pẹ́, jẹ́ kó pẹ́. Bí apá bá ń ro ọ́, fara dà á.

Bí wọ́n bá sì ti lọ kí ìwé yìí tó dé, ọ̀nà Ìsẹ́yìn kì í ṣe ọ̀run. Wọ mọ́tò lọ bá wọn. Bí o bá dé ilé wọn, má jókòó, má mu omi tí wọ́n bá gbé fún ọ. Béèrè ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kí o sì lọ sídìí kànga.

Kí Ọlọ́run fi ìrọ̀rùn sí ahọ́n rẹ àti ahọ́n wọn. Kí ó má jẹ́ kí oyin ilé yín kan.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ,
Bàbá Ràfíátù.